Ọjọ́ Tí Máa-Bọ̀ Di Ọkọ̀

Ẹnu Alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aṣọ ìsìn mi ló ń lọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ jó èmi náà lára díẹ̀díẹ̀ bí irin ìlọṣọ.

"Màmá Òkè, ẹ ò tíì gbọ́? Ọ̀rẹ́ yín ti rí ọkùnrin."

Mo ní, ọ̀rẹ́ mi wo?

"Máa-Bọ̀ náà ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lókè ilé àwọn tó ń ṣe àga, òun àti ọkùnrin kan máa ń dì mọ́ra. Wọn ò paná o. Wọn ò tilẹ̀kùn. Wọ́n á kàn dì mọ́ra báyìí, wọ́n á wá máa rìn."

"Wọ́n ń rìn lọ síbo?"

"Kò síbi tí wọ́n ń lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì yòókù, mo fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, nítorí Alágbàfọ̀ yìí kan náà ló sọ lọ́dún tó kọjá pé baálé mi ti kú, tí baálé mi sì lọ gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Máa-Bọ̀ kò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi rú mi lójú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà. Opó ni. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ, láti ìgbà náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ní yáàdì ilé ìkẹ́rùsí ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Ẹnu ọ̀nà yáàdì náà há. Tírélà kò lè yí po níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọlé. Iṣẹ́ Máa-Bọ̀ ni pé kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kó máa pe awakọ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń fi ẹ̀yìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò kan: "Máa bọ̀, máa bọ̀, gé e sọ́tùn-ún, nà án, nà án, máa bọ̀." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Bí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ dúró, kì í pariwo. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: gbà, gbà. Ó parí. Awakọ̀ tó bá gbọ́ gbà-gbà Máa-Bọ̀ tí kò tẹ bíréékì, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló fi gbà-gbà yìí ṣeré dàgbà. Àwọn tèmi ti lọ́kọ, wọ́n ti láya, síbẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ pa èkejì lẹ́nu mọ́ lórí tábìlì, ohun tó máa ń ṣe náà nìyẹn.

Ó ga, ó fẹ̀ léjìká, ohùn rẹ̀ sì lè jí ẹni tó ti lo oògùn oorun. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, ọ̀gá akọrin ṣì máa ń fọwọ́ bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ náà, ọkùnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn. Ògiri wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni Máa-Bọ̀ máa ń bá ìtàn náà dé, a kì í sì í bi í síwájú. Láti ọjọ́ náà, kò kọ ẹ̀yìn sí ohun tí kò rí mọ́. Bí ó bá wọ ilé mi, á kọ́kọ́ wọ́ àga lọ bá ògiri kó tó kí mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn ni tirẹ̀. Bí ó bá ń jáde nílé, á ti ilẹ̀kùn, á fà á wò, á lọ díẹ̀, á padà wá fà á wò. Lójú títì, ọrùn rẹ̀ kì í sinmi, á máa yí bí ọrùn òwìwí. Mo ti sọ fún un rí pé ká ní òun ni obìnrin tí wọ́n ní kó má bojú wẹ̀yìn nígbà tí iná ń rọ̀ láti ọ̀run, iyọ̀ kì bá tí wọ́n láyé mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn.

Irú obìnrin yìí ni wọ́n ní ó ń dì mọ́ ọkùnrin ní gbangba. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Àdúrà náà kò gùn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo gbé báàgì mi, mo lọ fojú ara mi rí i.

Lókè ilé àwọn tó ń ṣe àga, òórùn gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tí ẹsẹ̀ ti fọ̀ mọ́, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀rọ orin kékeré kan wà lórí àpótí. Obìnrin arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun dúró sáàárín ilé, ó nà ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Atukọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé àwọn ìyàwó atukọ̀ mìíràn a máa rí aṣọ gbà bí ọkọ wọn bá dé láti ìrìn àjò, ijó lòun rí gbà. Ijó náà ni wọ́n ń pè ní táńgò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, nítorí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin àti obìnrin á dojú kọ ara wọn, àyà á kan àyà. Ọkùnrin ń lọ síwájú, obìnrin ń fi ẹ̀yìn rìn. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kì í fi ọwọ́ tì í, kì í fi ọwọ́ fà á. Àyà rẹ̀ ló kàn máa yí díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì, ẹsẹ̀ obìnrin náà á sì ti gbọ́ kí orí rẹ̀ tó gbọ́. Ẹsẹ̀ á lọ sẹ́yìn, á fa ilẹ̀ bí ẹni ń kọ̀wé, á dúró, á ká mọ́ ẹsẹ̀ èkejì, á tún máa lọ. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tí irun wọn ti ń funfun. Ìyàwó dijú pátápátá, ọkọ ń gbé e gba àárín àwọn ẹlòmíràn kọjá, láàárín àga àti ògiri, aṣọ wọn kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ijó tí a ń fi ìdí jó, mo ti rí èyí tí a ń fi èjìká jó. N kò tíì rí èyí tí a ń fi ìgbọràn jó. Mo gbàgbé pé amí ni mo wá ṣe. Mo jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Máa-Bọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó rí náà dúró síwájú rẹ̀: Aláago tó ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ aago, tí orí rẹ̀ kò ju etí Máa-Bọ̀ lọ. Ó tẹríba fún mi láti ọ̀ọ́kán. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Orin bẹ̀rẹ̀. Aláago gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Máa-Bọ̀ gbé ọ̀kan sẹ́yìn, ọrùn sì yí.

"Ọrùn," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ọrùn padà. Wọ́n tún lọ díẹ̀. Mo wá ń gbọ́ ohùn kan. Máa-Bọ̀ rò pé jẹ́ẹ́jẹ́ lòun ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn: "Máa bọ̀... gé e díẹ̀... nà án, nà án..." Aláago ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó ń gé e, ó ń nà án. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ àga kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ Máa-Bọ̀ gbéra kúrò lẹ́yìn ọkùnrin náà: gbà, gbà! lórí èjìká rẹ̀.

Aláago dúró gbagidi. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dúró. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n.

"Kí lo tún rí, Máa-Bọ̀?"

"Àga ni, Nọ́ọ̀sì. Ó kù díẹ̀ ká wọ inú ẹ̀."

"Àga yẹn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Aláago ń wò ó."

"Àwọn ń wò ó. Èmi ò wò ó."

Aláago fọwọ́ ra èjìká rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, bí a bá ń bá a lọ báyìí, ọ̀dọ̀ panẹ́bítà ni èmi máa gbà relé."

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi í léèrè. N kò yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní, wọ́n ní o ti rí ọkùnrin.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé Aláago? Màmá Òkè, ẹ ti rí i fúnra yín. Bí mo bá fẹ́ fẹ́ ọkọ, ṣé mi ò ní fẹ́ èyí tí mo lè rí láti ọ̀nà jíjìn?"

"Kí wá lò ń wá níbẹ̀?"

A dé ìdí igi tó wà níwájú ilé wa. Ó ní ọjọ́ kan lòun bá ọkọ̀ pákó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga, kóun lè pè é wọ ẹ̀yìnkùlé wọn. Ó gbọ́ orin lókè. Ó gun òkè lọ wá ẹni tí yóò gba ẹrù, ó sì rí obìnrin kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó dijú.

"Ẹnu mi ti là, mo fẹ́ pariwo. Mo wá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá Òkè, láti ìgbà wo ni mo ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn mi? Lójú oorun gan-an, ògiri ni mo máa ń fara tì. Orin kan ni mo fẹ́, ọ̀kan péré, kí n fi ojú dídì rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí n má wẹ̀yìn, kí n má pàṣẹ, kí n má lu èèyàn Ọlọ́run. Tí mo bá ti ṣe ìyẹn, kí Alágbàfọ̀ máa sọ pé gbogbo àwọn tó ń ṣe àga pátá ni mò ń fẹ́."

Nọ́ọ̀sì sì ti dá ọjọ́ kan, ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó máa parí oṣù, tí tọkọtaya ijó kọ̀ọ̀kan máa jó orin kan tán lójú àwọn èèyàn. Ẹni tó bá dúró lágbedeméjì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa pín àga fún àlejò. Máa-Bọ̀ ní òun kò tíì jó orin kan tán rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a lọ. Mo sọ fún baálé mi pé kí ẹnu ayé lè dákẹ́ ni. Ó wò mí, ó ní, "Ẹnu ayé náà ni ò jẹ́ kí o sùn lánàá, tó o ń fi ẹsẹ̀ fa ibùsùn?" Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Ó ń ṣe ìdánrawò lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, láàárín ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti tèmi, òun àti ìgbálẹ̀ onígi gígùn. Èmi á jókòó sórí àtẹ̀gùn, n ó máa wí pé, "Ọrùn. Ọrùn. Máa-Bọ̀, ọrùn." Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti sún mọ́ ilẹ̀kùn wa, ọwọ́ rẹ̀ á gbéra, gbà-gbà, lára pákó, baálé mi á sì dáhùn láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn? Ẹ wọlé." Ìgbà tó yá, kò dáhùn mọ́. Àlejò gidi wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó dúró síta títí ó fi sú u, ó lọ.

Ìkòkò òdòdó mi kan fọ́. Ó fi igi ìgbálẹ̀ gún gílóòbù. Kò sunwọ̀n sí i. Ní gbọ̀ngàn, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń ká ẹsẹ̀, wọ́n ń yí bí òkòtó, òun ṣì ń gbá èjìká Aláago. Lọ́jọ́ kan sùúrù Nọ́ọ̀sì tán. Ó pa orin. Ó rìn wá síwájú Máa-Bọ̀, ó gbójú sókè wò ó.

"Ní yáàdì yín, ta ló ń fi ẹ̀yìn rìn?"

"Èmi ni."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

Máa-Bọ̀ ronú. "Ẹ̀yìn lọkọ̀ náà fi ń bọ̀."

"Ta ló ń wo ọ̀nà?"

"Èmi ni. Ọkọ̀ kì í wo ọ̀nà."

"Ó dáa. Níbí, Aláago ló ń wo ọ̀nà. Ìwọ wá ni kí?"

Máa-Bọ̀ wo Aláago, ó wo bàtà ara rẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì.

"Èmi ni ọkọ̀," ló wí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún.

"Ìwọ ni ọkọ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ọkọ̀ kì í gbá ara rẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Máa-Bọ̀ kò rẹ́rìn-ín. A dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fà á wò láti inú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ti ìsìn àárọ̀ bọ̀, mo gba iwájú yáàdì kọjá. Tírélà tó kó bíríkì ti wọlé tán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Máa-Bọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ó gbójú sókè, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ń tàn yanran nínú oòrùn. Baba Tírélà ló wà nínú ọkọ̀ náà, àgbà awakọ̀ tó ti ń wá sí yáàdì yẹn kí irun imú rẹ̀ tó funfun.

"Baba, bí mo bá ń pè yín wọlé, ibo lẹ máa ń wò?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò wo ibì kankan."

"Dígí ńkọ́?"

"Èwo nínú wọn? Ti apá òsì yẹn ti fọ́ láti ìgbà òjò."

"Láti ìgbà òjò? Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi dígí ṣe ní yáàdì tìẹ? Lójú títì, mo nílò ẹ̀. Níbí, bí mo bá ti gbọ́ máa bọ̀, mo ti mọ̀ pé ojú wà lẹ́yìn mi. Etí ni mo fi ń wọlé. Tí oorun bá ń kùn mí, mo tilẹ̀ máa ń dijú."

"Ẹ máa ń dijú."

"Gbogbo wa ni. O ò mọ̀?"

Mo rò pé yóò fi ohùn rẹ̀ ya orí ọkọ̀ náà. Lóòótọ́ ló kọ́kọ́ bú u nítorí dígí, ó ní bí kò bá tún un ṣe kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan wọ yáàdì mọ́. Lẹ́yìn náà ló fi í sílẹ̀. Ó rìn wá bá mi lẹ́nu géètì. Ó yíjú wo ọkọ̀ náà, táyà rẹ̀ tó ga tó àyà èèyàn, bíríkì tó tò sórí rẹ̀ bí ilé.

"Màmá Òkè, wọ́n ń dijú."

"Mo gbọ́."

"Gbogbo irin yẹn. Wọ́n á dijú, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn bọ̀, nítorí èmi ní kí wọ́n máa bọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo rò pé ariwo lásán ni mò ń pa."

Mo ti jí ní ìdájí gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo ń kúnlẹ̀, mo ń fi ẹnu sọ pé mo gbé ara lé Ẹni tí n kò rí. Mo dúró lẹ́nu géètì yáàdì, mo ń wo tírélà, mo bi ara mi léèrè bóyá mo ti dijú rí.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Máa-Bọ̀ sọ fún Aláago pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá yẹ kí n bọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́." Ó sì dijú. Ọkùnrin kékeré yẹn mí kanlẹ̀, ó na àyà. Wọ́n lọ. Ọrùn Máa-Bọ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e, kò yí. Ẹsẹ̀ ńlá yẹn, tó ti ń wọ bàtà onírin láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ń fa pákó lọ sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wá ilẹ̀ bí ọwọ́ afọ́jú ṣe ń wá ojú ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọjá lára àga. Wọ́n kọjá lára àpótí orin. Aláago fi àyà bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó tú, ó dáhùn. Mo rí i pé Nọ́ọ̀sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà ti di etí bẹ́ńṣì mú bí ẹni wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo ti mọ obìnrin yìí láti ìgbà tí irun wa dúdú, n kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó dẹ̀ bí ojú ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Orin ku díẹ̀ kó tán, ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Gbà! Ẹ̀ẹ̀kan. Èkejì dúró lófuurufú, kò bọ́ sílẹ̀. Aláago kò dúró.

"Ọ̀kan kì í ṣe dúró," ló sọ fún wa lẹ́yìn náà, ó ń nu òógùn. "Èmi náà ti mọ èdè yáàdì."

Ọ̀kan yẹn ni Máa-Bọ̀ gbé relé. Ó ní òun kò kà á sí títán. Ó ku Sátidé.

Sátidé náà gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ìròyìn Alágbàfọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ti sanra lójú ọ̀nà, torí nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àkọ́bí, ìgbéyàwó ló ti dà. Àkọ́bí yìí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wọ táì, díákónì sì ni ní ìjọ tirẹ̀. Ọmọ tó dára ni. Inú tírélà ló dàgbà sí. Bí ilé ìwé bá ti parí, àárín awakọ̀ àti ilẹ̀kùn ni ìyá rẹ̀ máa ń fi í sí títí iṣẹ́ yóò fi tán. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin dé lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n sì ránṣẹ́ pe èmi náà gẹ́gẹ́ bí àgbà àdúrà. Mo bá Máa-Bọ̀ lórí àga tó fara ti ògiri. Báàgì bàtà ijó rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Aago ògiri wà lókè orí ọmọ rẹ̀, mo sì rí i pé ojú Máa-Bọ̀ ń lọ síbẹ̀.

"Màmi," ni àkọ́bí wí, "kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn èèyàn ìjọ mi?"

"Bá mi kí wọn."

"Màmi, mi ò ṣeré. Wọ́n ní ẹ̀ ń dì mọ́ ọkùnrin."

"Aláago ni. Ìwọ náà ti gbé aago fún wọn tún ṣe rí."

"Mo gbé aago fún wọn. Mi ò dì mọ́ wọn."

Àbúrò rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ sọ. "Màmi, tó bá jẹ́ ijó náà ni, ṣé ẹ ò lè máa jó o nínú ilé?"

"Pẹ̀lú ta ni? Mo ti bá ìgbálẹ̀ jó. Kì í di èèyàn mú."

Àkọ́bí yíjú sí mi. "Màmá Òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín."

"Mo ti lọ wò ó," ni mo wí.

"Ẹ lọ wò ó?"

"Mo lọ, mo tún padà lọ. Wọ́n dì mọ́ra lóòótọ́. Ìgbọràn tí mo rí níbẹ̀, ká ní mo rí ìlàjì rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, à bá ti kọ́ òrùlé tán."

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ó ní òun ti pinnu. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá òun á kó wá sọ́dọ̀ òun, á fi iṣẹ́ yáàdì sílẹ̀, á jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, á sinmi.

"Ta ló ní ó rẹ̀ mí?"

"Èmi ló rẹ̀." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Màmi, ẹ ò mọ ohun tí mò ń rí nínú ọkọ̀ yẹn. Nínú dígí ni mo ti ń wò yín. Ẹ ó máa fi ẹ̀yìn rìn, ẹ ó máa kéré, nígbà mìíràn ẹ ó kúrò nínú dígí pátápátá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti kúrò, mo máa ń gbà pé ó ti tán nìyẹn. Mo máa ń di ìjókòó mú títí n ó fi gbọ́ gbà-gbà."

Máa-Bọ̀ wò ó pẹ́.

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò bi ọ́." Ó na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. "Lẹ́yìn tí o bá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"N ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀," ló wí. Ojú rẹ̀ tún lọ sí aago.

Àkọ́bí rí i pé ó wo aago, ọ̀rọ̀ náà sì tún gbóná fún un. Ó dìde. "Rárá o, Màmi. Ẹ ò lọ síbì kankan lónìí. Ẹ ti fi ẹ̀yìn rìn tó láyé yìí. Ìbáà ṣe ní yáàdì, ìbáà ṣe ní gbọ̀ngàn, láti òní lọ, mi ò tún fẹ́ gbọ́ pé ìyá mi ń..."

Gbà, gbà.

Orí tábìlì ló ti gbá a, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Kò le, kò sì rọ̀. Ọkùnrin ńlá tó wọ táì dúró síbi tí ọ̀rọ̀ bá a, ẹnu rẹ̀ ṣì là, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lókè. Àbúrò rẹ̀ náà dúró. Èmi náà, kí n má purọ́, mo dá èémí dúró.

Máa-Bọ̀ dìde kúrò lára ògiri. Ó tún táì ọmọ rẹ̀ ṣe, ó nà án, ó gbé báàgì bàtà rẹ̀ kọ́ apá. Ó gba àárín ilé kọjá, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa. Mo ń wo ọrùn rẹ̀, mo ń retí kó yí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.